Ẹni Tó Dáhùn sí Orúkọ Bàbá Àgbà

Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ Bàbá Àgbà, àwọn àgbààgbà mọ́sáláṣí dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ pé Bàbá Dírẹ́bà kò purọ́ rí láyé rẹ̀. Èmi ọmọ ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn láàárín àwọn obìnrin, mo ń pín mọ́ínmọ́ín, mo dorí kodò. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni ojú ń tì mí. Kì í ṣe pé òpùrọ́ ni. Irọ́ tó pa kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú wọn tó ga débi pé gbogbo wa nílé la jọ gbé abẹ́ rẹ̀. Ẹni tó sì ru irọ́ náà kì í ṣe òun.

Nígbà tí a délé, mo sọ fún Mọ́mì pé ìyìn yẹn pọ̀ jù fún mi. Mọ́mì ní, "Sẹ̀kínà, fi òkú sílẹ̀ kó sinmi." Mo ti gbìyànjú, n kò lè fi í sílẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Bí mo bá máa rántí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni mo fẹ́ rántí.

Mùráínà Bákàrè ni orúkọ rẹ̀. Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti bí i. Ó wa lọ́rì láàárín Èkó àti Ìbàdàn nígbà èwe rẹ̀, ó wọkọ̀ ojú omi wá sí London, ó sì wa váànù kiri Woolwich títí ara fi kọ̀ fún un. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Bàbá Dírẹ́bà. Ó ga, ó gbẹ, ó sì mọ́ tónítóní. Fúnra rẹ̀ ló ń lọ aṣọ rẹ̀, kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá a lọ̀ ọ́, nítorí ó ní àwa ọmọ ìsìn-ín yìí kò mọ ibi tí gàtì, ìlà iwájú ṣòkòtò, ń gbà. Àwa tí wọ́n bí sí Thamesmead, tí a máa ń gbàgbé láti fi "ẹ" kí àgbà, òun kì í bínú sí wa. Ó kàn máa ń yí orí padà, á wo ẹ̀yìn ara rẹ̀ dáadáa, bí ẹni tó ń wá ọmọdé kan. Á wá bi ọ́ pé, "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

Ohun tó bẹ̀rù jù láyé ni kí wọ́n fi òun ṣẹ̀sín. "Ikú yá j'ẹ̀sín" kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Bí bọ́tìnnì kan bá já lára ẹ̀wù rẹ̀, kò ní jáde títí wọ́n á fi rán an. Lọ́dún kan tí yìnyín bọ́, ó ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà àwọn ológun tó kọjú sí Woolwich Common. Èmi àti Mọ́mì ń bọ̀ láti ọjà, a rí i lókèèrè, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú òtútù, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, ó ń kí àwọn tó ń kọjá lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Sójà kan fẹ́ gbé e dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó máa lọ. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìdí ṣòkòtò rẹ̀ ti rin gbingbin. Ó gbójú sókè wò wá, ó ní, "Mo ń sinmi ni."

A rẹ́rìn-ín ọjọ́ yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìjà tó bá Dádì mi jà ni kò pa wá lẹ́rìn-ín.

Dádì mi ń jẹ́ Kàmọ́rù, ọmọ Ìbàdàn ni. Àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ mú un ní kékeré, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì ń tiro. Nígbà tó wá tọrọ Mọ́mì, Bàbá Àgbà fún un lómi mu, ó bá a sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ó ti ilẹ̀kùn tán ló wá kọjú sí Mọ́mì. Ó ní òun ò lè fi ọmọ òun fún arọ, kí àwọn ará Ìjẹ̀bú máa fi òun pa àwàdà. Mọ́mì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Àbúrò Bàbá Àgbà ló dúró bí ọlọ́mọ lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì. Bàbá Àgbà ní inú ń run òun.

Láti ìgbà yẹn, kò pe orúkọ Dádì mi. "Ọkùnrin yẹn" ló ń pè é. Bí ó bá fẹ́ wá kí wa, á kọ́kọ́ tẹ Mọ́mì láago: "Ṣé ọkùnrin yẹn wà nílé?" Bí Dádì bá wà nílé, kò ní wá. Bí wọ́n bá pàdé lóde, Dádì á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tòun ti ẹsẹ̀ yẹn, Bàbá Àgbà á sì dá a lóhùn bí ẹni tó ń bá afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo gbọ́n díẹ̀, mo bi í pé kí ni Dádì ṣe fún un. Kò tilẹ̀ wò mí. Ó ní, "Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ kan rìn, ibo ló fẹ́ gbé ọmọ mi dé?"

Mo kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ báyìí, ojú ń tì mí fún un. Torí pé ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà lọ.

Ìtọ̀ ṣúgà ló fà á. Egbò kékeré kan yọ ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, ó fi ìbọ̀sẹ̀ bò ó, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó nígbà náà ni imú mi kọ́kọ́ gbọ́ òórùn. Kí a tó gbé e dé ọsibítù, egbò ti jẹ dé egungun, wọ́n sì gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún. Ẹsẹ̀ òsì, bíi ti Dádì mi gan-an. Mo jókòó tì í nígbà tó jí. Mo ti ń ronú ohun tí mo máa sọ bí ó bá sunkún. Kò sunkún. Ó wo aṣọ ìbora tó tẹ́ pẹrẹsẹ níbi tí ẹsẹ̀ yẹ kó wà, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ta ló mọ̀?"

Ẹnikẹ́ni kò mọ̀, a sì ní láti rí i pé ẹnikẹ́ni kò mọ̀. A sọ fún àwọn ará mọ́sáláṣí pé ó lọ sílé, sí Ìjẹ̀bú. Nígbà tí wọ́n fún un ní ẹsẹ̀ àtọwọ́dá, tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn ín, ó padà sí mọ́sáláṣí, ó ń sọ fún wọn bí òjò ṣe rọ̀ ní Ìjẹ̀bú. Ó ní orúnkún ń yọ òun lẹ́nu, ni òun ṣe ń kírun lórí àga. Àlùwàlá rẹ̀, ilé ló ti ń ṣe é, kò jẹ́ kí omi mọ́sáláṣí kan ẹsẹ̀ rẹ̀ rárá. Òun ló ń kọ́kọ́ dé ní ọjọ́ Jímọ̀, òun ló ń kẹ́yìn jáde, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i níbi tó ti ń wọ bàtà.

Nígbà tó wà lọ́sibítù, Dádì gba kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ lọ́wọ́ Mọ́mì. Ilé ìsàlẹ̀ ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tavy Bridge. Ó kan irin tí èèyàn lè dì mú mọ́ ògiri balùwẹ̀, ó kan òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó gbé pákó tó dagẹ̀rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà kí ẹsẹ̀ má baà kọ. Ọjọ́ Sátidé méjì ló fi ṣe é. Ó bẹ̀ wá pé kí a má ṣe dárúkọ òun. Bàbá Àgbà délé, ó di irin mú, ó mì ín, irin kò mì. Inú rẹ̀ dùn. Ó bi wá pé ta ló ṣe é, Mọ́mì ní káńsù, ìjọba ìbílẹ̀ wa, ni. Títí tí iṣẹ́ yẹn fi di àtijọ́, kò sí ìgbà tó wọ balùwẹ̀ tí kì í ṣàdúrà fún wọn: "Ọlọ́run á bùkún káńsù. Wọ́n mọ iṣẹ́."

Èmi àti Mọ́mì á máa wo ara wa. A kò rẹ́rìn-ín. Ojú ń tì wá láti rẹ́rìn-ín.

Bẹ́ẹ̀ la wà kí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó dé. Ìjọba ní owó ìrìnnà kan fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dá mọ́. Bí o bá fẹ́, o lè fi í háyà ọkọ̀: ilé-iṣẹ́ kan á gbé ọkọ̀ tuntun fún ọ lò fún ọdún mélòó kan, ilé-iṣẹ́ ló ni ín, ìwọ kàn ń wà á ni. Bí ọdún bá pé, wọ́n á gbà á padà. Ọkọ̀ aláwọ̀ búlúù kan ló dé, kò ní kílọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló fẹ́. Báàjì aláwọ̀ ọsàn tó ń sọ pé aláàbọ̀ ara ló wà nínú ọkọ̀ náà bá a wá. Bàbá Àgbà fi aṣọ tó rọ̀ nu gbogbo ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó sì fi báàjì sínú àpótí kékeré iwájú, ó tì í. Ó ń wà á bí ọba. Ẹni tó ti wa lọ́rì lójú títì Ìbàdàn, ẹ gbé ọkọ̀ sí i lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣé ẹ mọ bí inú rẹ̀ ṣe máa dùn tó.

Ó gbé e lọ sí mọ́sáláṣí ní Jímọ̀ àkọ́kọ́, mo wà lẹ́yìn. Kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán tí wọ́n fi yí wa ká. Ẹ kú oríire, ẹ kú oríire ọkọ̀ tuntun. Ẹ sì mọ̀ pé láàárín wa, ọkọ̀ tuntun kì í wọ àdúgbò láìwẹ̀ ẹ́. Alhaji Sákà, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń wa váànù, ti bu omi sínú kẹ́tùlù, ó fẹ́ gbàdúrà sí i kó wọ́n ọn sórí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n ní kí Bàbá Dírẹ́bà ṣílẹ̀kùn kí wọ́n ṣàdúrà sínú ọkọ̀ náà. Ẹnì kan fọwọ́ kan àpótí iwájú, bóyá kò tì dáadáa, báàjì aláwọ̀ ọsàn jábọ́ sórí ìjókòó.

Alhaji Sákà mú un, ó wò ó. Ó ní, "Bàbá Dírẹ́bà, ta ló ni èyí?"

Bàbá Àgbà gba báàjì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ti àna mi ni. Ọkọ Múnírá ọmọ mi. Ẹsẹ̀ ti ń dà á láàmú láti kékeré. Òun ni wọ́n fún lọ́kọ̀, èmi ni mò ń bá a wà á." Irọ́ kì í sì í mọ ìgbà tó yẹ kó dúró, ó tún fi kún un: "Nathan Way ló ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé ìkẹ́rùsí tó wà ní igun yẹn. Ibẹ̀ ni mo máa ń lọ gbé e nírọ̀lẹ́."

Dádì mi ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Nathan Way ní gbogbo ọjọ́ ayé. Gbogbo ọdún tí mo fi dàgbà, Bàbá Àgbà kò sọ fún èèyàn kan ní mọ́sáláṣí yẹn pé òun ní ọkọ ọmọ. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó jẹ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba, ìtìjú ara rẹ̀ ló gbé kọ́ ọ lọ́rùn. Alhaji Sákà gbàdúrà fún àna náà lórúkọ Ọlọ́run, pé kí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e dé ibi ayọ̀. Ó wọ́n omi sí táyà. Gbogbo èrò ṣe àmín, èmi náà ṣe é. Nígbà tí a ń padà lọ sílé, mo kọ̀, n kò bá Bàbá Àgbà sọ̀rọ̀. A ti fẹ́ dé Tavy Bridge kó tó lahùn. Ó ní, "Kò sáà gbọ́."

Mọ́mì gbọ́ lọ́dọ̀ mi. Kò pariwo. Ó ń bó iṣu, kò gbójú sókè. Ó ní, "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a."

Ogún ọdún kò pé. Bóyá oṣù mẹ́ta ni.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kan ni, ní Thamesmead. Láti Woolwich la ti gbéra. Bàbá Àgbà ló ń wakọ̀, Alhaji Sákà jókòó síwájú, èmi wà lẹ́yìn pẹ̀lú kúlà oúnjẹ lẹ́sẹ̀. Ojú ọ̀nà Nathan Way, níbi tí àwọn lọ́rì ńláńlá ti ń yà wọ àwọn ilé ìkẹ́rùsí, irin kan wà nílẹ̀. A gùn ún. Mo gbọ́ bí táyà iwájú ṣe mí, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ara lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bàbá Àgbà rọra gbé e sí ẹ̀bá títì. Ó dájú, ọ̀gá awakọ̀ ni.

Òfin ọkọ̀ yẹn ni pé bí táyà bá jò, kí a má fọwọ́ kàn án. Ilé-iṣẹ́ ló ni táyà. Kí a pè wọ́n, wọ́n á rán èèyàn wá. Nọ́ńbà fóònù wọn wà lára gíláàsì tẹ́lẹ̀ kí Bàbá Àgbà tó fi èékánná họ ọ́ kúrò. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n lọ pè wọ́n." Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ lu èèyàn. Ó ní, "Èmi tí mo ti pààrọ̀ táyà lọ́rì nínú òjò, kí n máa dúró de ọmọ Òyìnbó kan?" Èmi mọ̀ pé kì í ṣe nítorí lọ́rì. Bí wọ́n bá wá, wọ́n á béèrè ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn.

Ó bọ́ agbádá, ó gbé e fún mi. Ó gbé jáàkì àti sípánà jáde láti inú búùtù. Kò lè kúnlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí, ó ki sípánà bọ nọ́ọ̀tì, kò yí. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi dè é. Ó wá fẹ́ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún gun sípánà bí àwọn dírẹ́bà ṣe máa ń ṣe, ìyẹn ni pé ẹsẹ̀ òsì nìkan ló máa dúró lé. Mo ti la ẹnu láti dá a dúró. Ẹsẹ̀ òsì yẹ̀, ó gbọ̀n, Alhaji Sákà fa aṣọ rẹ̀ mú lẹ́yìn kó má baà fojú gbálẹ̀.

"Orúnkún mi ni," Bàbá Àgbà wí.

"Ó dáa," Alhaji Sákà dáhùn. Ó wo òkè títì, ó wo ìsàlẹ̀. "Ṣé kì í ṣe ibí ni àna yín tó ni ọkọ̀ ti ń ṣiṣẹ́? Ẹ jẹ́ kí Sẹ̀kínà lọ pè é wá. Ọkọ̀ rẹ̀ ni, òun ló yẹ kó dá sí i."

Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá Alhaji mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ ni. Bàbá Àgbà fúnra rẹ̀ ló kọ́ Alhaji ní ọ̀nà ibẹ̀. Ó wo iwájú ọkọ̀ búlúù náà, ó kàn ń wò ó.

Mo lọ. Dádì wà láàárín àwọn páálí, ó ń fi téèpù dì wọ́n. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró, láti orí àdúrà ọkọ̀ títí dé sípánà. Mo ti lérò pé ó máa bínú, mo tilẹ̀ fẹ́ kó bínú. Ó ní, "Tèmi kẹ̀?" Ó gbé téèpù sílẹ̀. Ó wá ní, "Ṣé ara Bàbá le?" Ó gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó fi fóònù ọ́fíìsì wọn pe ilé-iṣẹ́ tó ni ọkọ̀, mo ti há nọ́ńbà wọn sórí, ó sì bá mi tiro bọ̀ wá sí títì. Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn, ó dọ̀bálẹ̀ lórí kọ́ńkéré, nínú ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀. Bàbá Àgbà ní, "Pẹ̀lẹ́ o." Alhaji Sákà ló ní kó dìde.

A dúró. Ó pẹ́. Alhaji nìkan ló ń yin afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà.

Váànù ilé-iṣẹ́ dé. Ọmọkùnrin Òyìnbó kan sọ̀ kalẹ̀, ọmọlúàbí ni, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Mista Bákàrè dà? Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ béèrè bóyá ara rẹ̀ le, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n gé."

Ó wí i kedere. Gbogbo wa gbọ́ gẹ̀ẹ́sì. Alhaji Sákà gbójú sókè, ó ń wo òfuurufú bí ẹni pé ọkọ̀ òfuurufú ń kọjá. Bàbá Àgbà ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó dúdú fún girísì. N kò rí ojú ẹ̀dá kan tó rí bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì fẹ́ rí i mọ́. Mo fẹ́ kó dáhùn. Mo ń bẹ̀ ẹ́ nínú mi pé kó dáhùn.

Dádì mi ló gbé ẹsẹ̀ síwájú. Ó ní, "Èmi ni."

Ọmọkùnrin náà wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń tiro, kò wádìí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Mista Bákàrè. Ṣé ẹsẹ̀ náà kò dùn yín nínú òtútù yìí?"

Dádì ní, "Ó ti mọ́ mi lára."

Wọ́n pààrọ̀ táyà. Kò gba àkókò rárá. Dádì kí wọn, ó tún dọ̀bálẹ̀, ó padà sídìí páálí rẹ̀. Bàbá Àgbà wà wá dé ibi ìsọmọlórúkọ náà, kò jẹun níbẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni ṣeré. Ní alẹ́ tí mo ń tú ọ̀já ẹsẹ̀ àtọwọ́dá rẹ̀, ó ní kí n má tú u. Ó ní òun fẹ́ mọ bó ṣe ń dunni.

Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tẹ ilé wa láago. Kò béèrè bóyá ọkùnrin yẹn wà nílé. Ó ní kí Dádì gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, kó bá òun lọ sí mọ́sáláṣí. Ó kọ̀, kò ṣe àlùwàlá nílé. Èrò ti pọ̀ lẹ́bàá ẹ̀rọ omi ẹ̀yìn mọ́sáláṣí nígbà tí a dé, àwa obìnrin sì máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá sí ilẹ̀kùn tiwa, ni mo ṣe rí i. Ó jókòó sórí àpótí. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè dé orúnkún, ó tú ẹsẹ̀ àtọwọ́dá náà tòun ti bàtà tó wà lára rẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ náà síwájú. Ó ní, "Kàmọ́rù, wá bá mi mú ẹsẹ̀ mi."

N kò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Dádì gbà á, ó gbé e mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ.

Bàbá Àgbà fọ ẹsẹ̀ kan tó kù. Ó wá sọ fún Alhaji Sákà, kò wò ó lójú, ó ní, "Ọkọ̀ yẹn, tèmi ni. Èmi ni wọ́n gé lẹ́sẹ̀."

"A mọ̀," Alhaji Sákà wí. "Ó ti pẹ́ tí a ti mọ̀. Bàtà yín lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan ti ká níwájú bíi bàtà gbogbo èèyàn, èkejì kò ká rí. Ta ni kò rí i? Ẹsẹ̀ yín kò tì wá lójú, Bàbá Dírẹ́bà. Ti Nathan Way ló tì mí lójú. N kò sùn." Ó wo Dádì mi. "Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n."

Bàbá Àgbà ní, "Mo ti mọ̀."

Kò bẹ Dádì. Mo ń retí rẹ̀, n kò gbọ́ ọ. Àgbà ayé àtijọ́ ni, ọ̀rọ̀ "má bínú" kò mọ ọ̀nà ẹnu rẹ̀ sọ́dọ̀ ọmọdé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn náà ló ju kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sí i, ó lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ èrò. Ó ní kí wọ́n fi orúkọ Dádì kún àwọn tó lè wà á. Bí wọ́n bá jọ jẹun, á mú ẹran tó tóbi jù nínú àwo rẹ̀, á gbé e sínú ti Dádì láìsọ̀rọ̀, á sì máa wo ibòmíràn. Kò wo ojú Dádì dáadáa títí tó fi kú. Ojú ń tì í. Mo mọ̀ ọ́n, torí bí Dádì bá ti yí ẹ̀yìn padà ló máa ń wò ó, á wò ó títí tó fi máa tiro wọlé. Ìgbà kan, ó di irin balùwẹ̀ rẹ̀ mú níwájú mi, ó bi mí pé, "Sẹ̀kínà, káńsù wo ló ṣe èyí?" Mo sọ fún un. Kò gbàdúrà rẹ̀ mọ́ sókè láti ọjọ́ náà, àárín òun àti Ọlọ́run ló kù sí.

Ó kú nínú oorun rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ti wá gbé ọkọ̀ wọn lọ. Dádì wà lára àwọn tó wẹ̀ ẹ́. Bàtà méjèèjì wà lọ́dọ̀ mi, èyí tó ká àti èyí tí kò ká, n kò tíì mọ ohun tí mo máa fi wọ́n ṣe.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún Mọ́mì lálẹ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ, tí n kò rí sọ, ni ti ibojì. Àwa obìnrin dúró lẹ́yìn, ṣùgbọ́n a ń gbọ́. Kí wọ́n tó gbé e wọlẹ̀, Lèmọ́mù kọjú sí èrò, ó béèrè bí wọ́n ṣe máa ń béèrè. Ó ní Mùráínà Bákàrè ló ń lọ yìí. Ẹni tó bá ṣẹ̀, kó forí jì í. Bí gbèsè tàbí ohunkóhun bá sì ṣẹ́kù sí i lọ́rùn, ta ni yóò dáhùn fún un?

Bàbá Àgbà kò ní ọmọkùnrin. Àbúrò rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Àwọn ọkùnrin ń wo ara wọn. Alhaji Sákà, tó lè dáhùn, kò dáhùn. Ó yí orí, ó ń wo ọ̀nà ibi tí Dádì mi dúró sí.

Dádì ní, "Èmi ni."

Ó tiro bọ́ síwájú, wọ́n yà fún un, ó sì bá wọn gbé e wọlẹ̀.